Esperanza Rising: Ilé tí a fi òwú hun kọjá ààlà

Ojú òwú mẹ́wàá ní gígòkè, a ó fi ọ̀kan kún un lórí òkè; mẹ́sàn-án ní sísọ̀kalẹ̀, a ó fo ọ̀kan ní àfonífojì. Bí Abuelita, ìyá àgbà inú ìwé yìí, ṣe ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní aṣọ ìbora híhun nìyẹn, ní alẹ́ tí gbogbo ilé ń retí bàbá tí kò dé. Ẹni tó bá mú ìkọ́ àti òwú dání, kó ṣírò rẹ̀ wò. Ogún ojú òwú ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìlà tó wà nísàlẹ̀, ogún náà ló ń bí sókè, nítorí náà etí aṣọ náà kò ní fẹ̀, kò sì ní fún. Ìṣirò náà pé. Òǹkọ̀wé tó lè mú ọ̀rọ̀ òwú ní kókó báyìí, ó yẹ ká jókòó tì í, ká gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ nípa àwọn ará Mẹ́síkò tó kọjá ààlà lọ sí California ní 1930.

Pam Muñoz Ryan ló kọ Esperanza Rising, ilé-iṣẹ́ Scholastic ló sì gbé e jáde ní 2000. Ó gba ẹ̀bùn Jane Addams ní 2001, ó sì gba Pura Belpré ní 2002. Bakersfield ní California ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí, kò jìnnà sí Arvin, ibi tí apá tó pọ̀ jù nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Esperanza Ortega ni orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ lóòótọ́, ọmọ Aguascalientes ní Mẹ́síkò tó bá ara rẹ̀ nínú àgọ́ àwọn alágbàṣe oko ní Arvin. Ẹ̀yìn ìwé ni òǹkọ̀wé ti sọ èyí, nínú àlàyé kan tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń ṣí kọjá. Ẹ má ṣí i kọjá. Ẹ parí ìtàn ná, kí ẹ wá kà á, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èyí tó jẹ́ ti ìdílé rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àrokọ.

Ìtàn náà rèé, láìtú gbogbo rẹ̀ síta. Ọmọ olówó ni Esperanza. Oko àjàrà bàbá rẹ̀, El Rancho de las Rosas, tóbi débi pé àwọn ìránṣẹ́ ló ń wẹ̀ fún un, tó ń wọṣọ fún un. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn ọlọ́ṣà pa bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló jogún ilé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Tío Luis, tí ìgbéyàwó òbí sọ di ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Òun náà ni ọ̀gá báńkì, ìkejì rẹ̀, Tío Marco, sì ni olórí ìlú. Luis fẹ́ fi opó náà ṣaya. Ìyá kọ̀. Láìpẹ́, iná sọ lára ilé lóru. Ibi tí òǹkọ̀wé ti fi òye hàn ni bó ṣe to ìdènà wọ̀nyí: ilé tí kò ní ilẹ̀ lábẹ́, owó tó wà ní báńkì àmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀tá ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, lẹ́tà tí kò lè gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá nítorí pé àwọn kan ń ṣọ́ ọ. Kò sí ìdí tí òǹkàwé yóò fi béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn fowó ránṣẹ́ sí ìyá àgbà tàbí kọ̀wé sí i. Gbogbo ọ̀nà ló ti dí, a sì mọ ẹni tó dí i.

Alfonso, Hortensia àti Miguel ọmọ wọn, tí wọ́n jẹ́ ìránṣẹ́ nínú ilé náà, ní ìbátan ní California. Wọ́n kó ìyá àti ọmọ sábẹ́ pákó ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n da gúáfà lé wọn lórí, wọ́n sì gba ọ̀nà Zacatecas lọ wọ rélùwéè. Abuelita fi ọrùn ẹsẹ̀ pa nínú ìjàm̀bá iná náà, kò lè rìn, ni ó bá kù lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ. Òwú híhun tí kò tíì parí ló fi lé ọmọ lọ́wọ́. Irun orí rẹ̀ tó já sínú òwú nígbà tó ń hun ún ṣì wà nínú aṣọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Mẹ́síkò yóò rí i pé ikú bàbá náà kò ṣàdédé wá. Ogun ìyípadà ti 1910 sí 1920 ti kọjá, Abala 27 nínú òfin ìjọba 1917 sì ti ṣèlérí pé a ó pín ilẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Ní 1930, ọ̀pọ̀ àwọn tálákà ò tíì rí ilẹ̀ náà. Ìgbà ìjọba Lázaro Cárdenas, láti 1934 sí 1940, ni pípín rẹ̀ tó gbóná. Inú ọdún ìdúró yẹn ni ìbínú sí àwọn onílẹ̀ ńlá ti ń ru. Ìwé náà sọ èyí ní ìwọ̀nba tí ọmọdé lè gbé. Ohun tí kò gbé wá síwájú ni ogun Cristero, ìjà láàárín ìjọba àti àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti 1926 sí 1929. Jalisco, Guanajuato, Michoacán àti Aguascalientes fúnra rẹ̀ ló jẹ nínú ìyà yẹn jù, ó sì wà lára ohun tó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀nà àríwá. Fún ìtàn tí ìyá àgbà rẹ̀ sá sí ilé àwọn obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ ní 1930, àlàfo ńlá lèyí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ìwé yìí kọ́ ọmọ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dí i.

Rélùwéè tún mú ọ̀rọ̀ kan wá. Nínú ìwé, wọ́n wọ ọkọ̀ ní Zacatecas, wọ́n sì sọ̀ ní Mexicali, wọ́n wá kọjá sí Calexico. Ojú irin tó so Mexicali pọ̀ mọ́ Sonora àti ìyókù Mẹ́síkò kò tíì sí nígbà náà. 1948 ni wọ́n tó ṣí i. Ọ̀nà tí ará Aguascalientes sábà ń gbà ni ojú irin àárín gbùngbùn tó lọ tààrà sí Ciudad Juárez, kí ó kọjá afárá sí El Paso. Àṣìṣe yìí kò pa ìtàn lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́ máàpù sílẹ̀ fún ọmọ kíláàsì yóò kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú.

Ohun tó mú ìwé yìí yàtọ̀ ni ọ̀nà tó gbà so àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ ìtàn àwọn tó ṣí kúrò nílé máa ń fi ẹkún àti àlá ṣe iṣẹ́ yẹn. Nínú èyí, ohun tí ọwọ́ lè gbé ló ń ṣe é, ohun kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe lórí rẹ̀ kó má bàa kú. Ẹ wo rósì bàbá. Alfonso àti Miguel wú gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́yìn tí iná jó ọgbà, wọ́n fi àpò ọ̀gbọ̀ tútù wé e, wọ́n sì gbé e kọjá ààlà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àgọ́, wọ́n ri ìdajì ọpọ́n ìfọṣọ àtijọ́ mọ́lẹ̀ ní òró, wọ́n gbé ère Màríà Wúńdíá ti Guadalupe sínú ihò rẹ̀, wọ́n sì gbin rósì náà yí i ká. Gbòǹgbò ni wọ́n gbé, wọn ò gbé òdòdó. Ẹni tó ti gbin rósì rí mọ̀ ìdí: igi òkè lè jóná tán kí gbòǹgbò ṣì wà láàyè, bí ọ̀rinrin kò bá ṣáà ti kúrò lára rẹ̀. Bí àpò yẹn bá gbẹ lójú ọ̀nà, ó parí. Òǹkọ̀wé kò dúró ṣàlàyé rẹ̀, ó kàn fi àpò tútù náà hàn wá.

Aṣọ ìbora náà ńkọ́? Òwú tí Abuelita fún wọn tán, ni wọ́n bá ń fi òwú táwọn aládùúgbò fún wọn hun ún lọ, àwọ̀ èyíkéyìí tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọ ló ń hun ún. Aṣọ náà ń tóbi sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ó sì di kàlẹ́ńdà ilé.

Owó ni ìkẹta. Esperanza ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra mọ́níọ́dà, ìwé ìfowóránṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Japan kan, ó ń tò wọ́n sínú àpótí ìrìnàjò, ó ń retí ìgbà tí wọn yóò tó mú ìyá àgbà wá. Nínú ọ̀ràn yìí, òǹkọ̀wé tẹ̀lé òtítọ́ ìgbà náà pẹ́kípẹ́kí. Mọ́níọ́dà ìfìwéránṣẹ́ ni owó àwọn alágbàṣe fi ń lọ sílé ní àwọn ọdún yẹn, débi pé Manuel Gamio, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ti Mẹ́síkò, lo àkọsílẹ̀ mọ́níọ́dà ní àwọn ọdún 1920 láti fi mọ ìpínlẹ̀ tí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ti wá. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn lílo ṣọ́ọ̀bù ọmọ Japan náà kò sì pamọ́: ibẹ̀ ni wọn kì í ti í fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, tí wọ́n sì ń ta ohun tí ará Mẹ́síkò ń jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́níọ́dà wọ̀nyẹn ni kókó ìlàjì ìkẹyìn ìwé, a ò ní sọ ọ́ níbí.

Iṣẹ́ oko ni ìwé náà mọ̀ jù, ibẹ̀ ló sì ti dùn jù. Àwọn orí rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ohun tí wọ́n ń ká tàbí tí wọ́n ń jẹ lákòókò náà, láti orí àjàrà dé orí àjàrà mìíràn: ìbẹ́pẹ, ọ̀pọ̀tọ́, gúáfà, àlùbọ́sà, álímọ́ńdì, ọ̀dùnkún, píà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò yìí ní ìtumọ̀. Alágbàṣe oko kì í ka oṣù, irè ló ń kà, nítorí irè tó kàn ló ń sọ bóyá owó yóò wọlé lọ́sẹ̀ náà. Ní orí ọ̀dùnkún, wọ́n gé ọ̀dùnkún gbígbìn sí wẹ́wẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó tutù bí yìnyín. Ojú méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lára wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kùnà, èkejì yóò hù. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídì ẹ̀ka àjàrà mọ́ wáyà, iṣẹ́ tó bó ọwọ́ ọmọ náà yánnayànna, tí Hortensia fi ní kó fi píà gígún pa á. Ẹ wo bí ọwọ́ yẹn ṣe yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn: ọwọ́ tó máa ń nà sókè kí ìránṣẹ́ bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀ ni. Ọmọ yìí ò mọ ìgbálẹ̀ dì mú nígbà tó dé àgọ́, Miguel ló kọ́ ọ ní kọ̀rọ̀.

Ibì kan tí a fẹ́ kí àwọn òbí kà fún ọmọ sókè ni ọjọ́ tí wọ́n fi ìbejì jòjòló sílẹ̀ fún Esperanza. Ó fún wọn ní èso tútù tí a kò sè, ìgbẹ́ gbuuru dé. Omi ìrẹsì ló fi gbà wọ́n là, nítorí ó rántí pé Hortensia ti fún òun náà rí. Òótọ́ ni ìtọ́jú yìí. Omi ìrẹsì ń dá omi tí ọmọ ti sọ nù padà, ìfun sì ń gbà á láìsí wàhálà.

Ìjì eruku ló gbé àìsàn dé bá ìyá. Ibà àfonífojì ni wọ́n ń pè é, olú wínníwínní kan tó ń gbé nínú ilẹ̀ àfonífojì San Joaquin ló ń fà á. Nígbà tí wọ́n bá kọ ilẹ̀ tàbí tí ìjì bá jà, ó ń gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìwé náà tọ̀nà pé àlejò ló máa ń mú jù, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ti gbà á fẹ́rẹ́fẹ́ rí, ara wọn sì ti mọ̀ ọ́n. Ó tọ̀nà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gba oṣù mélòó kan, kò sì sí oògùn tó ń pa á nígbà náà. Ibi tó ti sáré ju àsìkò lọ ni ẹnu dókítà. Láàárín 1936 sí 1938 ni Ernest Dickson ti Stanford àti Myrnie Gifford ti Kern County ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn kedere pé ibà táwọn ará àfonífojì mọ̀ àti àìsàn ńlá tó ń pa ènìyàn, ohun kan náà ni. Dókítà ti ọdún 1930 ò lè ní àlàyé tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Àsìkò tún di títẹ̀pọ̀ nínú ọ̀ràn àwọn ará Oklahoma, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan, tí wọ́n ń ṣí wá sí California. Nínú ìtàn, ní 1931 ni wọ́n ti ń dé yìyì, tí àwọn olóko ń kọ́ àgọ́ tuntun fún wọn pẹ̀lú omi gbígbóná, ilé ìgbẹ́ inú ilé àti odò ìwẹ̀, tí ọmọ Mẹ́síkò kò lè wọ̀ àfi ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ Sátidé. Àárín àwọn ọdún 1930 ni ìṣíkiri yẹn tó pọ̀ jù, 1935 sì ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú àgọ́ dídára bẹ́ẹ̀ ní California. Ní ti odò ìwẹ̀, kò sí àbùmọ́ kankan. Ó di 1944 kí ilé ẹjọ́ tó dá àwọn ará Mẹ́síkò láre lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní San Bernardino, nínú ẹjọ́ Lopez pẹ̀lú Seccombe.

Ìyanṣẹ́lódì ni ibi tí a ti ní ẹ̀hónú tó wúwo jù sí ìwé náà. Marta, ọmọbìnrin tó ń ṣètò àwọn òṣìṣẹ́, lágbára ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ìtàn yìí, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e sí. Ojú Esperanza la fi ń wo àwọn tó da iṣẹ́ sílẹ̀: àwọn tó ń fi ejò àti èérún ìgò sínú àpótí irè, àwọn tó lè mú kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìbẹ̀rù ọmọ náà yé wa. Ṣùgbọ́n òǹkàwé ọmọdé lè parí rẹ̀ kó rò pé oníjàgídíjàgan lásán ni wọ́n. Ní 10 Oṣù Kẹwàá 1933, nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùká òwú, ọta ìbọn pa ènìyàn mẹ́ta ní ìlú Pixley àti ní Arvin yìí kan náà, ìhà àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì wà. Ẹni tó bá ń fi ìwé náà kọ́ni, kó sọ èyí kó tó dé orí asparagus, irú ewébẹ̀ kan.

Àmọ́ nínú orí yẹn gan-an ni ìran tó dára jù wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀lú ya wọ ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń kó ènìyàn sínú bọ́ọ̀sì. Esperanza bá Marta níbi tó sá pamọ́ sí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fún un ní épírọ́ọ̀nù kan àti ìdì asparagus kan, kó lè dà bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀: ní 26 Oṣù Kejì 1931, wọ́n yí gbàgede La Placita ká ní Los Angeles, wọ́n sì dá nǹkan bí 400 ènìyàn dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé lọ sí Mẹ́síkò ní àwọn ọdún yẹn ni wọ́n bí sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 2005, California ṣe òfin láti tọrọ àforíjì. Ohun tó yẹ kí ọmọdé gbé lọ nínú ìran náà ni pé ìwé àṣẹ kò dá ènìyàn sí nígbà míì. Épírọ́ọ̀nù ló dá Marta sí.

Àbùkù mìíràn kò pọ̀. Luis àti Marco burú láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò sí ìyípadà kankan nínú wọn. Orí méjì tó kẹ́yìn sáré, ó so gbogbo ìdè tó tú láìfi àyè sílẹ̀. Èdè rẹ̀ náà rọrùn jù fún àgbà tó fẹ́ràn gbólóhùn gígùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Sípéènì inú rẹ̀ kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀.

Ní ti rírà á, ojú ewé rẹ̀ lé ní 250, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń kàwé dáadáa yóò parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ń kọ́ èdè Sípéènì lè ra Esperanza renace, ìtumọ̀ tí Scholastic fúnra wọn gbé jáde, kó máa kà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní orí kọ̀ọ̀kan. Fún kíláàsì, ẹ pín orí mẹ́tàlá náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí orí ọ̀dùnkún dá gba ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òwú àti ìkọ́ láti orí kìíní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìlọ́po ogún bẹ̀rẹ̀, ọgọ́ta ojú òwú tó fún àkọ́kọ́ṣe, kó lè ní òkè mẹ́ta. Ibi tí wọn yóò ti ṣì í ni ìsàlẹ̀: wọn yóò rántí fi ọ̀kan kún un lókè, wọn yóò gbàgbé láti fo ọ̀kan ní àfonífojì, aṣọ yóò sì máa fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń fẹ̀, ẹ má tún un ṣe láti òkè. Ẹ tú u padà dé ìlà tí òǹkà rẹ̀ ti pé, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.